Sípíkà Ńlá Nínú Pálọ̀ Kékeré

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tí ó fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ. Olùkọ́ ìṣirò ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ àwọn ọmọ ìkókó níwájú ilé wọn. Ilé náà kò tóbi. Yàrá méjì ni ó ní àti pálọ̀ kan, pálọ̀ náà sì kéré débi pé bí àlejò mẹ́rin bá jókòó sínú rẹ̀, ẹni karùn-ún yóò máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò kí òun lè kọjá. Tọkọtaya náà kò ka èyí sí nǹkan kan. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ni ó kù nílé, pálọ̀ kékeré sì tó ẹni méjì.

Ọkùnrin yìí ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ dàgbà. Agbẹjọ́rò ni ọ̀rẹ́ náà, ilé rẹ̀ tóbi, ó sì ní sípíkà méjì kan tí wọ́n ga dé àyà ènìyàn, irú èyí tí àwọn tí wọ́n mọ orin gbọ́ ń wá kiri. Bí Sátidé bá ti dé, olùkọ́ yóò ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, yóò sì gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn yóò gbé àwo orin lé ẹ̀rọ, wọn yóò sì jókòó láìsọ̀rọ̀. Ohun tí ń jáde nínú àwọn sípíkà náà kì í ṣe ariwo. Ó máa ń dà bí ẹni pé àwọn akọrin wà nínú yàrá gan-an, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá dìde, yóò lè bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ agbẹjọ́rò ní kí bàbá àwọn wá máa bá àwọn gbé ní Kánádà. Ọkùnrin náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ta èyí tí ó tà, ó sì pín èyí tí ó pín. Sípíkà méjèèjì, ẹ̀rọ orin àti gbogbo àwo tí ó ní, ó fi wọ́n ta olùkọ́ lọ́rẹ.

"Ìwọ nìkan ni o máa ń dákẹ́ tí orin bá ń lọ," ni ó sọ fún un. "Mi ò lè kó wọn fún ẹlòmíràn."

Inú olùkọ́ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn sípíkà náà wọlé, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, àwọn àlejò yìí tóbi ju ilé wa lọ o."

"Wọn kò ní jẹun," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Kí wọ́n má baà gba àyè, olùkọ́ ti ọ̀kan sí kọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún, ó ti èkejì sí kọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn wọn sì lẹ̀ mọ́ ògiri pátápátá. Ó so wáyà wọn. Ó wá mú àwo tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn jù, orin ìjọ tí àwọn obìnrin kan kọ, tí dùùrù ń bá wọn lọ lábẹ́lẹ̀. Ó gbé e lé ẹ̀rọ, ó jókòó, ó sì di ojú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi la ojú náà. Dùùrù ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ohùn àwọn obìnrin ń bá ògiri, ó ń ta padà, wọ́n ń gun ara wọn lórí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí etí lè mú nínú wọn. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n. Olùkọ́ rò pé ohùn náà ni kò tíì tó, ó sì yí i sókè. Ìyẹn tún wá burú jù. Ìyàwó rẹ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ níta, ó yọjú wọlé, ó béèrè bóyá nǹkan kan ti wó lulẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí ó ṣe sípíkà rẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pe ẹni tí ń tún rédíò ṣe, ẹni yẹn tú wọn, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Olùkọ́ wá jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ro ìṣirò. Nílé ọ̀rẹ́ òun, àyè pọ̀, orin sì ń dùn. Nílé òun, àyè kò sí, orin kò sì dùn. Ó dá a lójú nígbà náà pé àyè ni ohùn náà ń wá, àyè sì ni òun máa fún un.

Àga gígùn ni ó kọ́kọ́ gbé jáde, òun àti gbogbo tìmùtìmù orí rẹ̀. Ó gbìyànjú orin náà wò, kò yí padà. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Ó tú kọ́tìnì ojú fèrèsé. Ó kó àpótí tí ìyàwó rẹ̀ to aṣọ ọmọdé sí, èyí tí ó wà lẹ́bàá ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé ilé náà. Yàrá kejì ni ó ń rọ́ gbogbo wọn sí, títí yàrá náà fi kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti kó nǹkan kan jáde, ohùn náà a máa le sí i, a máa ha sí i létí. Olùkọ́ kò rò pé kíkó tí òun ń kó nǹkan jáde ni ó fà á. Ohun tí ó ń rò ni pé òun kò tíì kó tán.

Lẹ́yìn ẹrù, ó kan ènìyàn. Àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n máa ń wọlé wá bá ìyàwó rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, olùkọ́ ní kí wọ́n máa dúró sí fàráńdà, nítorí eruku ẹsẹ̀ wọn lè wọ inú sípíkà. Àwọn tí ó wá kí òun alára, ìta ni ó ti ń dá wọn lóhùn. Ó wá ku pálọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, ògiri mẹ́rin, sípíkà méjì ní kọ̀rọ̀ méjì, àti àga oníke kan ṣoṣo tí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Orí àga yìí ni olùkọ́ ń jókòó sí, tí yóò fa ojú ro bí ẹni tí ń dúró de dókítà.

Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe obìnrin oníjà. Ó gbé àga tirẹ̀ lọ sí ìdí ọjà rẹ̀ níta, ibẹ̀ ni ó sì ń jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Oúnjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di pé ọkọ ń jẹ tirẹ̀ lórí àga oníke, ìyàwó ń jẹ tirẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Bàbá Ìbídùn, nígbà tí ẹ ò tíì ní àwọn nǹkan yìí, a jọ máa ń jókòó."

Olùkọ́ ní kí ó ní sùúrù, pé bí òun bá ti tún un ṣe tán, àwọn yóò jọ máa gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí Ìbídùn wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó dúró sí àárín pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kó kúrò nílé yìí ni?" Ohùn òun náà bá ògiri, ó sì ta padà sí wọn létí, bí ẹni pé ẹlòmíràn tún béèrè ohun kan náà láti inú yàrá.

Ohun tí ó dun olùkọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò a máa pè é láti Kánádà, a sì máa béèrè bí orin ṣe ń dún. Olùkọ́ a ní ó ń dún dáadáa. Kì í ṣe òpùrọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀bùn tí ó fún òun ti sú òun.

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, ìjì ni ó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀run ṣú, eruku bo ojú títì, àwọn ènìyàn sá wọlé. Ilé kan wà tí ó kọjú sí ilé olùkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin bíríkìlà kan ni ó ni ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀, ọmọ ọwọ́ wọn àti ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n wà nílé. Ìjì náà gbé òrùlé ilé wọn lódindi, ó ká páànù rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ká ẹní, ó sì jù ú sínú oko kókò lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tí ó farapa. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀ lẹ́yìn ìjì, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró láàárín ọ̀run àti ibùsùn wọn.

Ìyàwó olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ó padà wọlé, omi ti ń kán lára gèlè rẹ̀.

"Àwọn ará iwájú ilé kò ní òrùlé mọ́," ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Olùkọ́ mọ ohun tí ó ń béèrè. "Ṣé wọn kò ní ẹbí kankan nítòsí?"

Obìnrin náà dúró síwájú rẹ̀. Ó ń wò ó. Olùkọ́ yí ojú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo inú ilé ara rẹ̀, bóyá òun yóò rí ibòmíràn tí wọ́n lè wọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn nínú yàrá kìíní. Yàrá kejì kún fún àga àti kápẹ́ẹ̀tì tí òun rọ́ síbẹ̀, àyè tí ológbò lè gbà wọ̀ ọ́ kò sí. Pálọ̀ nìkan ni ó ṣófo, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́ di òfìfo. Ó ro ọwọ́ ọmọdé lára sípíkà. Ó ro omi. Ó ro gbogbo akitiyan tí òun ti ṣe.

Ó wá yọjú lójú fèrèsé. Ìyá àgbà náà jókòó lórí fóòmù tí wọ́n ká, lábẹ́ agbòòrùn kan ṣoṣo, ọmọ ọwọ́ wà lórí itan rẹ̀. Òjò ti ń pọ̀ sí i. Ìyá àgbà ń bá ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ń tọ́ka sí ọ̀run fún un, bí ẹni pé ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi ayẹyẹ ni wọ́n ń dúró dè. Olùkọ́ bọ́ síta nínú òjò, ó fa ìyá àgbà dìde, ó sì gbé fóòmù rẹ̀ rù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, pálọ̀ náà ti kún. Wọ́n na fóòmù méjì dúró ti ògiri ẹ̀yìn kí ó lè gbẹ, wọ́n na òmíràn ti ògiri ẹ̀gbẹ́. Wọ́n to ìdì aṣọ jọ sí ibi tí fóòmù kò dé. Wọ́n tẹ́ ẹní bo ilẹ̀. Wọ́n fi aṣọ òkè ìyá àgbà dí ojú fèrèsé, nítorí atẹ́gùn. Nígbà tí ó ku ibi tí wọn yóò kó àpò gàrí àti ìkòkò sí, kọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó bọ́ sí. Olùkọ́ mí kanlẹ̀, ó fa àwọn sípíkà rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó gbé wọn wá sí iwájú, tí wọ́n fi jìnnà sí ògiri, tí wọ́n dúró láàárín ènìyàn bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní àyè rẹ̀. Àga oníke rẹ̀ kò rí ibi gbà, ó gbé e síta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ ti wà nílé káfíńtà tí yóò tún òrùlé náà kàn, kí ọkùnrin náà tó fọ ẹnu. Láti ìgbà náà ni kò ti fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bí káfíńtà bá ń jẹun, olùkọ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ wo igi, olùkọ́ ń tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọnìkejì bíi tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìyìn náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé pálọ̀ rẹ̀ ni ọkọ òun fẹ́ gbà padà.

Ọ̀sán Sunday kan ni nǹkan yí padà. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti jẹun. Ọmọ ọwọ́ ti sùn lọ lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ, ìyá àgbà jókòó sórí ìdì aṣọ kan, ó fẹ̀yìn ti fóòmù, ó sì ń wo àwọn àpótí gíga méjì tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀.

"Tíṣà, kí ni o kó sínú àpótí wọ̀nyí?"

"Orin ni, Mama."

"Kí ló dé tí o fi tì í mọ́bẹ̀?"

Olùkọ́ kò fẹ́ kí ojú ti òun. Ó ní ọmọ ń sùn. Ìyá ọmọ náà ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé tí ó bá ti jẹ́ jẹ́jẹ́, ọmọ náà kò ní jí. Nígbà tí olùkọ́ kò rí ọ̀nà àbáyọ, ó mú àwo orin àwọn obìnrin yẹn, ó gbé e lé ẹ̀rọ, ó sì fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi tí kò fa á dé rí. Kò sí àga. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ní àárín pálọ̀, níbi tí ó ti ń wo àwọn sípíkà méjèèjì lọ́ọ̀ọ́kán.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni èémí. Àwọn obìnrin náà mí sínú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni dùùrù wọlé, kò kùn, kò ha, ohùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè tirẹ̀, ó rọ̀, ó sì kún. Orin náà bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ obìnrin tí ó dúró ní ọ̀tún, ó mọ èyí tí ó dúró ní òsì. Lábẹ́ ohùn ẹni tí ń lé orin, ó gbọ́ ohùn kejì kan tí ń rọra tẹ̀ lé e, ohùn tí òun kò gbọ́ rí láti ọdún tí òun ti mọ orin náà, nílé ọ̀rẹ́ òun pàápàá, níbi tí àyè pọ̀.

Olùkọ́ kò mira. Ó rò pé bí òun bá mira, yóò bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wọlé láti ìdí ọjà rẹ̀, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wá jókòó sórí ẹní nítòsí ọkọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí sípíkà ti wọlé.

Nígbà tí orin náà parí, ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Obìnrin kejì yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni."

Olùkọ́ dá orin náà padà, wọ́n tún un gbọ́. Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ. Ohùn kejì náà ń rẹ̀ ẹ́ ní ìparí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbé ara rẹ̀ dìde kí ẹni tí ń lé orin tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Omi lé sí olùkọ́ lójú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọwọ́ kò jí.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kánádà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín títí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́.

"O kó gbogbo ohun tí ń gba ohùn mọ́ra jáde," ni ó wí. "Ògiri lásán lo wá ń kọrin fún. Ohun líle kì í gba ohùn, ṣe ló máa ń dá a padà sí ọ lójú. O tún tì wọ́n sí kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ ló ń sọ dùùrù di ẹ̀rọ ìlọta. Èèyàn kì í sì í pariwo nínú yàrá kékeré. Ta ló wá kọ́ ọ lọ́gbọ́n?"

"Ìjì ni," ni olùkọ́ dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, olùkọ́ kò lọ sílé káfíńtà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kíyè sí i.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ ò lọ wo káfíńtà lónìí?"

"Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà fara balẹ̀. Iṣẹ́ òrùlé kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n káfíńtà ti gbọ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi ẹ̀rù olùkọ́ ṣiṣẹ́ kíákíá. Òrùlé náà parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin bíríkìlà dé láti Ìbàdàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí olùkọ́, ó sì kó ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn àti gbogbo ẹrù wọn sọdá sí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, olùkọ́ gbé àwo náà lé ẹ̀rọ. Sìmẹ́ńtì ni ó wà nílẹ̀, ògiri mẹ́rin ni ó dúró, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ta sókè ta sódò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan wáyà kankan. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì, ó sì pe ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń fa ẹrù jáde, wọ́n ń sín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn sípíkà kò padà sí kọ̀rọ̀. Wọ́n dúró sí iwájú bí wọ́n ṣe wà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá a máa fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, olùkọ́ fúnra rẹ̀ sọdá lọ pe ìyá àgbà. Ó ní orin kan wà tí òun fẹ́ kí wọ́n bá òun gbọ́, kí wọ́n lè sọ fún òun ẹni tí ó rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó wá di àṣà. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán Sunday tán, àwọn ará àdúgbò a máa yọ bàtà sí fàráńdà olùkọ́, wọn a sì wọlé. Pálọ̀ náà a kún débi pé àwọn kan ń fẹ̀yìn ti ara wọn. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn náà ń rọ̀ tó. Ní ọjọ́ kan, ọmọ bíríkìlà yẹn, tí ó ti ń rá, rá dé ìdí sípíkà kan, ó fi ọwọ́ tí ó kún fún àkàrà dì í mú, ó sì dìde dúró fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Olùkọ́ kò gbé e kúrò. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kí ó yára wá wò ó kí ọmọ náà tó jókòó.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ ni mo fi sọ ìtàn yìí fún ọ. O ní obìnrin náà ti darúgbó, pé kò lè dá gbé mọ́, àti pé ìyàwó rẹ fẹ́ kí ó wá máa bá yín gbé. O ní ilé yín kéré. O ní àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni, ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, àlàáfíà tí o ti ń wá láti ọjọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni, o kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé ilé yín kéré. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí, eékún mi kan tábìlì. N kò sì ní tàn ọ́ jẹ pé ìrọ̀rùn ni yóò jẹ́. Àwọn arúgbó a máa húkọ́, wọn a máa béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn a máa gbé nǹkan sí ibi tí wọn kò ti ní rántí. Nígbà tí olùkọ́ gbé fóòmù rù nínú òjò yẹn, kò sí ẹni tí ó ṣe ìlérí orin fún un. Ó rò pé òun ń pàdánù ni.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí o ń ṣe. O ti rí ohun rere kan gbà, o wá ń kó gbogbo ènìyàn jáde nítorí rẹ̀, o rò pé bí ilé bá ti ṣófo tó ni yóò dùn tó. Bí o bá kó wọn jáde tán, ohùn ara rẹ nìkan ni yóò kù fún ọ láti máa gbọ́. Ìyàwó rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi. O kà á sí àlàáfíà, ṣùgbọ́n níta ni ìyàwó rẹ wà, bíi ti ìyàwó olùkọ́.

Nítorí náà, má bi mí mọ́ bóyá àyè wà. Bí o bá dé ilé, bi ìyàwó rẹ níbi tí ó fẹ́ kí ibùsùn ìyá rẹ̀ wà.